Ọjọ́ Tí Aṣọ Rojọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, mo sì ti pa á fún ọ̀pọ̀ oníbàárà tí ń fi aṣọ tuntun yangàn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n ọdún 1998 ni mo tó mọ̀ pé àkísà àgbà lè la ẹnu rojọ́. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ẹjọ́ tí àkísà náà rò lọ́jọ́ náà, inú ilé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Ní oṣù kejì ọdún 1998 yẹn, màmá mi ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ilé, mo bá wọn lórí ibùsùn. Wọ́n ti tú àpótí wọn kalẹ̀, aṣọ ìbora àtijọ́ kan sì wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Gbé èyí dání," ni wọ́n wí. "Bá mi rán ibi tí ó ti ya. Mò ń gbé e lọ sí ìpàdé ẹbí ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Gbogbo wọn ni yóò fi ojú ara wọn rí i."

Mo mọ aṣọ náà dáadáa. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú àwa ọmọ. Mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Bàbá tó bí màmá mi ní ìyàwó méjì. Ìyá màmá mi ni ìyàwó kékeré. Ìyálé jẹ́ aláró, ó ń ṣe àdìrẹ, ó sì ń tà á. Ọdún 1929 ni wọ́n bí màmá mi, ọdún 1932 sì ni ìyá wọn kú. Bàbá àgbà kọ ọjọ́ méjèèjì sínú Bíbélì wọn, mo sì ti fi ojú ara mi kà á. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni màmá mi nígbà náà. Ọwọ́ ìyálé yìí ni wọ́n dàgbà sí.

Ohun méjì péré ni màmá mi ní tí wọ́n fi ń rántí ìyá wọn: fọ́tò kan, àti aṣọ ìbora yìí. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ fún wa, ìyá wọn ló fi ọwọ́ ara wọn rán an sílẹ̀ fún ọmọ wọn kí wọ́n tó kú. Gbogbo aṣọ yòókù tí ń bẹ nínú àpótí olóògbé, ìyálé ló kó o. "Ó kó o, ó ró o, ó fi jáde lójú mi," ni màmá mi máa ń wí. "Èyí nìkan ni kò rí gbà."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Màmá mi kì í pe àgbà ní "ó". Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta jù wọ́n lọ, "wọ́n" ni. Ìyá tí ń ta ata lójúde wa, "wọ́n" ni. Ṣùgbọ́n ìyálé ìyá wọn, "ó" ni, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò tilẹ̀ ní orúkọ lẹ́nu wọn. "Obìnrin aláró yẹn" ni wọ́n ń pè é, àwa ọmọ náà sì kọ́ ọ lẹ́nu wọn. "Obìnrin aláró yẹn" ni àwa náà ń wí.

Ọdún 1961 ni obìnrin náà kú. Ní ọdún 1998, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ tún ojú oórì rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì ṣe ìrántí rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ẹbí dá owó sí i. Ìyẹn ni ó bí màmá mi nínú.

"Èmi? Kí n dá kọ́bọ̀ nítorí rẹ̀? N ó tẹ́ aṣọ ìyá mi sílẹ̀ láàárín wọn, n ó ní kí wọ́n wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ogún ọmọ òrukàn."

Bí mo ti gbé aṣọ náà dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Ègé aṣọ ni, tí wọ́n rán mọ́ ara wọn láìwo gígùn, láìwo ìbú. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 31. Òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òmíràn ní igun mẹ́ta, òmíràn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. Wọ́n tò wọ́n lé orí aṣọ funfun kan, tí òun náà ti pọ́n bí omi tíì, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán wọn mọ́ ọn. Àfi ègé kan, aláró ni gbogbo wọn.

N kò ní i lọ́kàn láti dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Òwú tí n ó fi rán an ni mò ń wá. Télọ̀ tó bá fẹ́ tún aṣọ àgbà rán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ó ti dàgbà tó, nítorí òwú tuntun le ju aṣọ gbígbó lọ. Bí o bá fà á, aṣọ ni yóò ya, òwú kò ní í já. Nítorí náà mo tan iná, mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ibi tó dàgbà jù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ègé mẹ́rin jẹ́ kíjìpá, tí àwọn ìyá wa ń fi òwú tí wọ́n ran nílé hun. Ó nípọn, ó wúwo, òwú rẹ̀ kò sì dọ́gba. Wọ́n ti ń hun irú èyí kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ń hun ún lẹ́yìn tí òyìnbó dé, nítorí náà kò lè sọ ọdún kankan fún mi.

Ègé mẹ́jọ jẹ́ àdìrẹ oníko. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe oníko: wọ́n á kó aṣọ jọ ní kókó kókó, wọ́n á fi ìko so ó le dandan, wọ́n á sì rì í sínú aró. Ibi tí ìko bá dì kò ní í mu aró, funfun ni yóò wà. Bí wọ́n bá tú ìko, òṣùpá á yọ. Iwájú oníko àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yàtọ̀. Orí aṣọ òyìnbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ti inú aṣọ ìbora yìí sí, irú aṣọ funfun tí ń ti Manchester wá. Aṣọ yẹn wà lára ohun tó sọ iṣẹ́ àdìrẹ di iṣẹ́ ńlá nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, nítorí ó ń gba aró dáadáa, ó sì rọrùn láti so. Èyí náà bá ìgbà ìyá àgbà mu. Gbogbo ègé mẹ́jọ yìí ló ní irú òṣùpá ńlá kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní òṣùbàm̀bà.

Mo ní kí n wo aró bóyá òun ni yóò sọ̀rọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1920 síwájú ni aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà ti ń rọ́pò èlú àti omi eérú, tí àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ ń gbó kíákíá. Ní ọdún 1936, ọ̀rọ̀ náà dìjà ńlá láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Aláké. Ṣùgbọ́n aró dúdú jọ aró dúdú, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo fi aró sílẹ̀.

Ègé kan ló já mi láyà. Òun nìkan ni kì í ṣe aláró. Àwọ̀ ọsàn àti ewéko ni ó ní, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ bí ara àwo tó sán. Ẹ ti mọ̀ ọ́n: Kampala ni. Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìparí àwọn ọdún 1960 sí ọdún 1970 ló sì tó gbòde lọ́dọ̀ wa. Bí a bá tẹ̀lé Kampala, aṣọ ìbora màmá mi kò dàgbà tó èmi pàápàá, gbogbo ìtàn wọn á sì wó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n òfin méjì ni ó wà fún irú aṣọ alápapọ̀ báyìí. Èkíní ni pé ègé tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń sọ ìgbà tí wọ́n rán gbogbo rẹ̀. Aṣọ àtijọ́ lè wà lára ohun tí a rán lánàá, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọn kò tíì ṣe kò lè sí lára ohun tí a rán lánàá. Èkejì ni pé kí o kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ègé náà bá wọn débẹ̀ ni, tàbí ó wá bá wọn níbẹ̀.

Mo yẹ etí Kampala wò. Orí àwọn yòókù ni ó wà, ó gun gbogbo wọn. Òwú maṣíìnì ni wọ́n fi rán an, kì í ṣe òwú ọwọ́. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, mo rí ègé àdìrẹ kan lábẹ́ rẹ̀ tó ti ya. Àtúnṣe ni. Nígbà tí mo bi màmá mi léèrè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, eku ló jẹ ibẹ̀ ní 1974, àwọn fúnra wọn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó wá ku àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ègé 18. Ní ti ẹlẹ́kọ, wọn kì í so ó. Láfún ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ, wọ́n á sì fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí ara aṣọ, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ojú páànù tí wọ́n gé ọnà sí. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mú un. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí náà bí o bá yí ẹlẹ́kọ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní ọnà kankan. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ègé yìí ní àbùkù. Níbi kan ẹ̀kọ ti dà lé orí ọnà, níbòmíràn ìlà ti wọ́, òmíràn jẹ́ etí aṣọ lásán. Àjákù ọjà ni, irú èyí tí aládìrẹ kò lè tà. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò ronú sí i nígbà náà.

Lára ègé mẹ́ta ni mo ti rí òpó: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ìyẹn kò ṣòro. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe ọnà yẹn, àwọn òpó náà sì ni òpó Gbọ̀ngàn Mapó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mapó. "Èmi àti Mapó, ẹgbẹ́ ni wá," ni màmá mi máa ń wí bí wọ́n bá bi wọ́n ní ọjọ́ orí wọn. Aṣọ tó bá ní òpó Mapó lára kò lè ṣáájú ìgbà tí Mapó dìde. Láti 1929 sí 1932 tí ìyá àgbà kú, ọdún mẹ́ta ni. Àyè náà há, ṣùgbọ́n ó gbà á. Inú mi dùn, mo ní màmá mi jàre.

Ó ku ègé kan.

Ní àárín gbùngbùn aṣọ náà, ègé kan wà tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà lójú rẹ̀, ó dé adé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan wà tí sìsọ́ọ̀sì ti gé ojú rẹ̀ sí méjì, ó ku etí kan, ọrùn, àti apá kan adé. Láti kékeré ni a ti ń pè wọ́n ní "ọba àti olorì". A rò pé ọba ilẹ̀ wa kan ni.

Lọ́jọ́ Tuesday, mo fẹ́ lọ ra ọjà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta. Mo ká aṣọ ìbora náà sínú báàgì mi, mo gbé e dání. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ wọn, àtìrandíran wọn ló ń ṣe àdìrẹ. Wọn kò tilẹ̀ wò ó tán.

"Olọ́ba nìyí," ni wọ́n wí. "Júbílì. Ìyá mi ṣe é títí ó fi sú wọn."

"Júbílì èwo, Mà?"

"Ti ọba òyìnbó onírùngbọ̀n nì. Òun àti aya rẹ̀."

Mo dákẹ́. Ìyá náà ń tọ́ka sí George Karùn-ún àti Queen Mary. Ọdún 1910 ni George gorí ìtẹ́, ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1935 ni wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ọdún 25 rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òyìnbó. Àwòrán ọba àti aya rẹ̀ kún ìlú. Àwọn aládìrẹ wò ó, wọ́n gbé e sórí aṣọ, wọ́n sọ ọ́ ní Olọ́ba.

"Mà, ṣé kò lè ṣáájú júbílì?"

"Báwo ni yóò ṣe ṣáájú? Ṣé kí wọ́n tó rí ọba ni wọ́n á ti yà á? Ó lè gbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí wọ́n ṣe é fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ṣáájú rẹ̀."

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Ìbàdàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá màmá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Mo ní bóyá ọba mìíràn ni. Mo rántí pé ọmọ ọba òyìnbó kan wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1925, bóyá òun ni wọ́n yà. Ṣùgbọ́n Prince of Wales ni ẹni tó wá nígbà náà. Kò tíì jọba, kò ní irùngbọ̀n, kò sì ní aya. Ìyẹn kò gbà. Mo tún ní bóyá àtúnṣe ni, bí i ti Kampala. Ìyẹn ni mo gbára lé títí mo fi dé ilé.

Lóru ọjọ́ náà, mo tú etí aṣọ tó wà lẹ́yìn, mo tan iná sí inú rẹ̀. Gbogbo ègé tó yí Olọ́ba ká ló gun etí rẹ̀, òun kò gun ọ̀kankan nínú wọn. Òwú kan náà ni wọ́n fi rán gbogbo wọn, ọwọ́ kan náà ló rán an. Bí wọ́n bá fẹ́ fi Olọ́ba síbẹ̀ lẹ́yìn, wọn ìbá ti tú gbogbo aṣọ náà palẹ̀. Olọ́ba kò wá bá wọn níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà kú ní 1932. Ègé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ aṣọ náà kò lè ṣáájú 1935. Òkú kì í ránṣọ.

Ìgbà wo ni wọ́n wá rán an? Ọnà ara aṣọ lè sọ ìgbà tí kò lè ṣáájú, kì í sábà sọ ìgbà tí kò lè kọjá. Ènìyàn ni yóò sọ ìyẹn. Màmá mi sì ti sọ ọ́ fún wa láìmọye ìgbà, pé ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, òtútù mú wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sì da aṣọ ìbora yìí bora lọ sí kíláàsì, tí àwọn ọmọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1937 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ó wà nínú ìwé wọn. Láàárín 1935 sí 1937 ni ẹnì kan jókòó rán aṣọ yẹn fún ọmọ òrukàn.

Ta ni? Mo tún wo àwọn àjákù ẹlẹ́kọ náà, ibi tí ẹ̀kọ ti dà, ibi tí ìlà ti wọ́. Aládìrẹ mélòó ló wà nínú ilé náà? Ẹnì kan péré ni.

Mo wá fọ́tò ìyá àgbà jáde. Wọ́n dúró, wọ́n gbé màmá mi sọ́wọ́, ìró tó wà ní ìdí wọn sì kún fún òṣùpá ńlá. Mo gbé ègé oníko kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà. Òṣùbàm̀bà kan náà ni, bí wọ́n ti tò ó níbí ni wọ́n ti tò ó lọ́hùn-ún. Ìró ìyá àgbà wà nínú aṣọ ìbora náà lóòótọ́. Ìyá àgbà kọ́ ló gé e.

N kò sùn lóru náà. Kí ni n ó ṣe? Mo lè fi òwú rán ibi tó ya, kí n dákẹ́, kí màmá mi gbé e lọ, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi bú òkú. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́, ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ni n ó gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òtítọ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Láti kékeré ni àwa ọmọ ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí láti ẹnu ẹnì kan, tí a sì ti dá a. Ẹnì kejì ti wà nínú ilẹ̀ láti 1961. Ohun tó kù tó lè bá a sọ̀rọ̀ ni ègé aṣọ 31.

Lálẹ́ Friday, mo gbé aṣọ náà lọ.

"Màmá, ẹ má bínú. Ta ló sọ fún yín pé ìyá yín ló rán aṣọ yìí?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Mo mọ̀ ọ́n ni."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni yín nígbà tí wọ́n kú. Ẹnì kan ló sọ ọ́ fún yín."

Wọn kò dáhùn. Mo rò pé wọn kò ní í dáhùn mọ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Lóru ni. Mò ń sunkún. Ó da aṣọ bò mí, ó ní, 'Dákẹ́, ìyá rẹ ló rán an sílẹ̀ fún ọ.'"

"Ta ló dà á bò yín, Màmá?"

Wọ́n wo aṣọ náà. Wọ́n wò mí. "Òun ni," ni wọ́n wí.

Mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, mo fi ohun gbogbo hàn wọ́n: òpó Mapó, ọba onírùngbọ̀n, bí àwọn yòókù ti gun etí rẹ̀, àjákù ẹlẹ́kọ, àti òṣùbàm̀bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Wọ́n ń fi ìka tọ ojú rírán náà.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ọdún rẹ̀ dá mi lójú, Màmá. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó rán an, aṣọ kò sọ ọ́ fún mi. Bóyá ó kọ́kọ́ ró ìró ìyá yín kó tó gé e, bóyá kò ró o, aṣọ kò sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Àjákù tí kò lè tà ló fi ti ara rẹ̀ ṣe. Ibi tó dára jù nínú ti ìyá yín ló gé sí i."

Wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ṣú. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìrònú pé mo ti ṣe ohun tí kò yẹ kí ọmọ ṣe sí ìyá rẹ̀.

Ní Sátidé, ilé ẹbí kún. Gbogbo wọn ti gbọ́ pé màmá mi ń bọ̀ wá jà, kálukú sì ti mọ ibi tí yóò jókòó sí. Màmá mi dìde. Wọ́n tú báàgì, wọ́n tẹ́ aṣọ ìbora náà sílẹ̀ láàárín ilé. Wọ́n dúró díẹ̀.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Aláró," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní ìyá mi ló rán an. Wọ́n purọ́ fún mi. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti fi tàn mí."

Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ owó níbẹ̀, wọ́n kà á sórí tábìlì. Ó ju iye tí wọ́n bù fún wọn lọ.

Màmá mi kú ní ọdún 2009, aṣọ náà sì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo ti rán ibi tó ya. Òwú rírọ̀ ni mo lò, kó má baà fa aṣọ ya, ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ fi òwú pupa rán an. Bí ẹnì kan bá tún gbé aṣọ náà sábẹ́ iná lẹ́yìn ọ̀la, mo fẹ́ kó tètè mọ̀ pé ibí yìí kì í ṣe ti Ìyá Aláró. Àtúnṣe ni.